Ìkòkò Ẹ̀wà Alága

Ẹgbẹ́ tó ń tún òrùlé ilé ìwé ìlú ṣe kì í náwó gọbọi sórí oúnjẹ ìpàdé. Oníkálukú á mú ife ẹ̀wà kan wá, Ṣẹ̀gilọlá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sè é nínú ìkòkò ńlá Bàbá Àjàgbé, alága wọn. Àwọn tó sè é ló ń jẹ gbẹ̀yìn, àwọn náà ló ń ru ìkòkò padà sílé bàbá.

Láti ìgbà tí ìyàwó Bàbá Àjàgbé ti kú, ẹ̀wà ìpàdé nìkan ló ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó bù ú lẹ́ẹ̀kan, ó bù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ha ìdí ìkòkò jẹ. Nǹkan kan ò kù fún àwọn tó sè é.

Nígbà tí ìpàdé tú, ó ní, "Ṣẹ̀gilọlá, ìkòkò mi ńkọ́?"

Ṣẹ̀gilọlá kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ó ti mọ́ tónítóní, a ò tiẹ̀ ní fọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Ojú ti bàbá. Ta ló rí alága tó ru ìkòkò dúdú gba àárín ìlú kọjá? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́ni tó dìde. Ó gbé e rù.

Ní oríta, ó pàdé àna rẹ̀.

"Ẹ kú ìpàdé o, Alága! Kí lẹ rù bẹ́ẹ̀?"

Bàbá kò dúró. "Ẹ̀wà tí mo jẹ ni."