Fèrè Tíṣà Adégòróyè

Tíṣà Adégòróyè, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ kíláàsì, ń fi eré sísá wọn èémí àwọn ọmọ. Ó ní ẹni tí kò bá kan ìlà kí òun tó fọn fèrè kò ní lọ sí kíláàsì tó kàn, ó sì ń fọn ọ́n bó ṣe wù ú. Ó wá kan Fadérera oníkọ́ fée, tí èémí rẹ̀ kì í tó. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sáré níwájú mi, kí n mọ bí mo ṣe máa yára tó." Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wá wo eré lẹ́sẹ̀ ọkùnrin." Ó ki fèrè bọnu, ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, fèrè bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ló bá gbá orúnkún mú, ó ń mí bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Fadérera rọra rìn dé ìlà. "Sà, ṣé ẹ ti fọn ọ́n?" Tíṣà mirí pé rárá. "Mo yege nìyẹn, sà."