Bí Ọ̀ta Ayò Ìdí-Arère Ṣe Rìn Dé Ebúté

Ahunṣọ òfì kan wà ní ìlú Ìdí-Arère tí ń jẹ́ Láwuyì. Bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, yóò ní òfì ni òun ń hun. Bí ẹ bá bi Morádékẹ́ ìyàwó rẹ̀, yóò ní ayò ni ọkọ òun ń ta, òfì ló fi ń sinmi. Òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ìyàwó ló wúwo jù.

Ayò Ìdí-Arère kì í ṣe èyí tí a fi ń pa ọjọ́ lásán. Lábẹ́ igi odán tó wà níwájú ilé Baálẹ̀ ni wọ́n ti ń ta á, àpótí kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀ta nìkan, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta jù nínú ìlú, ló ń jókòó lé e. Ọ̀pẹ́ ni gbogbo àwọn yòókù, orí ẹní ni wọ́n sì ń jókòó sí, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ olóyè. Ọdún méje gbáko ni Láwuyì fi jókòó lórí àpótí yìí. Bí ó bá ń kọjá lọ, Ọ̀ta ni wọ́n ń fi kí i. Ìyá Ọ̀ta ni wọ́n ń pe ìyá rẹ̀ lọ́jà. Ẹlẹ́mu kì í sì bu ife àkọ́kọ́ fún ẹlòmíràn lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ó dùn mọ́ ọn. Nígbà mìíràn, bí ó bá wà nídìí òfì, a máa rò ó pé bí wọ́n bá gba àpótí yẹn lọ́wọ́ òun, kí ni òun óò tún máa jẹ́ nínú ìlú yìí?

Òfin kan sì rọ̀ mọ́ àpótí náà. Ọ̀ta tí ẹnikẹ́ni bá borí, nílé tàbí lẹ́yìn odi, gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú gbogbo atayò, kí ó sì dìde fún ẹni tó ṣìkejì rẹ̀ títí yóò fi borí ẹni tó borí rẹ̀. Ṣówándé alágbẹ̀dẹ ló ṣìkejì láti ọdún méje náà wá, ojoojúmọ́ ló sì ń wo àpótí bí ológbò ṣe ń wo ẹja yíyan.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àgbẹ̀ ti kó iṣu sínú abà, àwọn ìlú tó wà lókèèrè a máa pe àwọn ọ̀ta jọ láti wá díje. Ọ̀ta Ìdí-Arère kan kì í lọ. Èwo ni tiwọn? Ẹni tó jókòó tí nǹkan dára fún, kí ló fẹ́ lọ wá? Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, ara Láwuyì kò gbà á mọ́. Ó ká òfì rẹ̀, ó di àádùn àti ẹ̀kọ gbígbẹ, ó sì lọ dágbére fún Bàbá Lákànlé, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún tó kọ́ gbogbo wọn ní ayò.

Bàbá Lákànlé wò ó láti òkè délẹ̀. “Láwuyì, o wà lórí àpótí, kò sẹ́ni tó tì ọ́. O wá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ wá ẹni tí yóò tì ọ́ ṣubú. Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀? Ojú méjìlá náà ni ọpọ́n wọn ní.”

“Bàbá, ọwọ́ tí ń ta á ni mo fẹ́ rí.”

“Ọwọ́ ni ọwọ́ ń jẹ́ níbi gbogbo. Ayò tí a kò bá tíì ta lábẹ́ igi odán yìí, kò sí i láyé. Máa lọ, kí o tètè padà, kí Ṣówándé má baà fi ojú jẹ àpótí yẹn tán.”

Báyìí ni Láwuyì ṣe bọ́ sọ́nà. Áà, ìrìn àjò yẹn dùn! Ní Òkè-Ayùn tó kọ́kọ́ dé, òun pẹ̀lú ọdẹ kan ni wọ́n jọ jókòó. Orin ni ọdẹ náà fi ń ta ayò, gbogbo èrò ló sì ń gbè é. Láwuyì kò tíì ta ayò níbi tí kò sí ẹni tí ń pe orúkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ ọdẹ náà ní ojú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, àwọn tí ń gbe orin ọdẹ dákẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé, “Ọmọ ibo lèyí?” Bí ó ti gbọ́ ìbéèrè yẹn, orí rẹ̀ wú. Ó sùn ní Òkè-Ayùn bí ọba lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ó ti wà lọ́nà Ẹ̀gbẹ́jà.

Aláwàdà ni ọ̀ta Ẹ̀gbẹ́jà. Bí ó bá ti sọ ọmọ ayò kan, yóò bú ọ, yóò bú ìyàwó rẹ, yóò sì bú ẹni tó fi ọ̀nà hàn ọ́. “Ahunṣọ, ìwọ̀nyí kì í ṣe òwú o! Rọra, kí o má ta kókó!” Láwuyì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín náà ló fi borí ọkùnrin yìí lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọkùnrin náà gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, “Mo gbà. Ṣùgbọ́n o kò tíì rí nǹkan kan. Gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹfúnyẹmí lọ ní Ebúté-Ìrókò, létí odò. Bí o bá ti ibẹ̀ dé, kí o wá sọ fún mi bó o ṣe ń jẹ́.”

Kí ni ẹni tí ẹsẹ̀ ń yún tún ń gbọ́? Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rìn, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé Ebúté-Ìrókò ní ìyálẹ̀ta. Ó bá Ìyá Ẹfúnyẹmí, àgbàlagbà obìnrin kan, níbi tó ti ń tún àwọ̀n ẹja ṣe, ọpọ́n ayò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí èjìká ìyá náà, ọ̀kẹ́rẹ́ kan jókòó, ó ń họ ẹyìn jẹ. Láwuyì kí ìyá, ó fẹ́ dìde láti orí ìdọ̀bálẹ̀, ló bá tún wo ọ̀kẹ́rẹ́ náà. Iké ni! Iké gidi, ó yọ gọngọ lẹ́yìn ẹranko náà.

“Ọmọ mi,” ni ìyá náà wí, “ṣé òun lo wá bá ta ayò ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. N kò rí irú rẹ̀ rí ni.”

“Orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́ nígbà tó wà lọ́mọ jòjòló. Ẹ̀yìn rẹ̀ dá. Mo tọ́ ọ, ó jinná, ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì yàn láti dà nìyẹn. Jókòó. Àlejò ló ń kọ́kọ́ ta.”

Àwọn apẹja fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n yí wọn ká. Láwuyì jẹ àkọ́kọ́, ara rẹ̀ yá gágá. Ìyá jẹ ìkejì. Ó wá ku ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ayò, ẹ fara balẹ̀: ilé tìrẹ ní ojú mẹ́fà, ilé tèmi ní mẹ́fà. Bí ọmọ tí mo sọ kẹ́yìn bá bọ́ sí ojú rẹ kan, tí ohun tó wà níbẹ̀ wá di méjì tàbí mẹ́ta, mo jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilé rẹ bá gbẹ pátápátá, tí kò ku ọmọ kan, n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ebi pa ọ́. Dandan ni kí n ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìtìjú ńlá ni kí ilé ènìyàn gbẹ ní Ìdí-Arère. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọn óò fi máa bi ọ́ bóyá o ti rí oúnjẹ jẹ.

Ọmọ mọ́kànlá ti wà nínú ojú tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún Láwuyì. Ó ń kó o jọ bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká. Ó ku márùn-ún kó pé mẹ́rìndínlógún, bí ó bá sì ti pé, ojú márùn-ún ni yóò fi jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti ń rí i tán lọ́kàn rẹ̀ bí àwọn apẹja yóò ṣe pariwo. Ilé ìyá ti ń gbẹ bọ̀, ọmọ kan péré ló kù fún un. Ìyá mú ọmọ kan náà, ó sọ ọ́ sí ilé Láwuyì. Ilé rẹ̀ gbẹ táútáú.

Láwuyì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ilé yín ti gbẹ o!”

“Mo mọ̀. Bọ́ mi.”

Láwuyì wo ọpọ́n. Gbogbo ojú rẹ̀ tó kù, ọmọ kéékèèké ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tó lè dé ọ̀dọ̀ ìyá. Ó tún un wò. Àká rẹ̀ nìkan ló lè bọ́ ìyá yìí, àká náà kò sì tíì kún! Ó kó ọmọ mọ́kànlá náà, ó ń sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú mẹ́fà ìyá gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú márùn-ún tirẹ̀ gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tán sí ilé ara rẹ̀ láìjẹ nǹkan kan. Ìyá mú ọmọ kan láti ìkángun ilé rẹ̀, ó sọ ọ́ sí ojú àkọ́kọ́ Láwuyì. Ó di mẹ́ta. Ó jẹ ẹ́. Láti ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ títí ọwọ́ Láwuyì fi ṣófo.

Ẹ óò rò pé ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rín ló bú sí! Ó di orí mú, ó ń pariwo, “Ẹ fi ebi pa ara yín kí n lè ṣí àká fún yín! Ìyá, ẹ tún un ṣe! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kí n rí i!” Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ìyá borí rẹ̀ títí ó fi sú àwọn apẹja láti máa kà á, kò sì sú òun. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ayò.

Ọ̀nà ilé ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ó rántí àpótí. Ó rántí ìyá rẹ̀ lọ́jà, ó rántí ojú Ṣówándé. Ta ló mọ̀? Kò sí ará Ìdí-Arère kankan ní Ebúté. Bí ó bá ní òun borí gbogbo wọn, wọn óò gbé e gẹṣin. Ṣùgbọ́n bí ó bá pa á mọ́, kò ní lè sọ̀rọ̀ ìyá náà fún ẹnikẹ́ni láé, kò sì ní lè ta ayò náà lójú wọn, nítorí wọn óò bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Ó rò ó títí ó fi rí òkè Ìdí-Arère lọ́ọ̀ọ́kán, kò rí i yanjú.

Gbogbo atayò ti pé lábẹ́ igi odán. “Ọ̀ta dé! Ọ̀ta, kú àbọ̀! Wá jókòó!” Láwuyì dé ìdí àpótí, ó dúró. Lẹ́yìn náà ló ní, “N kò lè jókòó. Ìyá kan fàgbà hàn mí ní Ebúté-Ìrókò.” Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ láìbu ọ̀kan kù: ilé tí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú gbẹ, àká tí kò tíì kún, àti ọ̀kẹ́rẹ́ abuké tó ń jẹ ẹyìn lórí èjìká.

Ẹ̀rín sọ. Ṣówándé ti wà lórí àpótí kí Láwuyì tó sọ̀rọ̀ tán. “Láwuyì, bí ọ̀pẹ́ kan bá borí rẹ lọ́nà, sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni í fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ilé ara rẹ̀ gbẹ? Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ló ń yọ iké?”

Bàbá Lákànlé náà mi orí. “Ọmọ mi, oòrùn ọ̀nà ti pa ọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Láwuyì ju ti Ṣówándé lọ. Ó jókòó sórí ẹní fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje, ó fa ọpọ́n mọ́ra. “Ṣówándé, jẹ́ ká ta ẹyọ kan.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ṣówándé kó ọmọ jọ sí ojú ìkẹyìn rẹ̀ bí gbogbo wọn ti í ṣe. Ilé Láwuyì ń tán lọ. Nígbà tí ó mú ọmọ tó kù fún un tó sọ ọ́ sọ́hùn-ún, ariwo sọ. “Ilé Láwuyì gbẹ! Ó ti gbàgbé ayò sọ́nà!”

“Bọ́ mi,” ni Láwuyì wí.

Ṣówándé na ọwọ́, ó fà á padà. Ó na ọwọ́ sí ojú mìíràn, ó tún fà á padà. Ariwo ń rẹlẹ̀. Ó wo ojú Láwuyì, ó wo ọpọ́n, ó wá kó àká rẹ̀ tí kò tíì kún, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń da oúnjẹ ara rẹ̀ nù. Nígbà tí Láwuyì jẹ ojú kẹrin, ayò ti tán, ó ti borí. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn bú jáde lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ń tú ọpọ́n wò bí ẹni pé nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀.

Ṣówándé dìde kúrò lórí àpótí. Láwuyì dì í lọ́wọ́ mú. “Jókòó, ọ̀rẹ́ mi. Òfin ni òfin. Ìyá kan ló borí mi, ó dìgbà tí mo bá borí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo tún ń lọ. Ìyá ní ọkùnrin kan wà lókè odò tó borí òun.”

Bàbá Lákànlé bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọpọ́n, ó ń fi ìka tọ ojú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe, ó gbé orí sókè.

“Láwuyì, ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́? Òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, Bàbá. Ó gun èjìká tèmi náà lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀.”

Omi lé ròrò sójú arúgbó náà. “Ọgọ́rin ọdún ni mo fi jókòó síbí tí mò ń sọ pé kò sí. Ó wà. Èmi ni n kò rìn débẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ Bàbá Lákànlé yìí ni wọ́n gbé kúrò lábẹ́ igi odán lọ sílé àti sóko, òun ló sì di òwe tí àgbà fi ń dá ẹni tó bá ní ohun tí òun kò rí kò sí lóhùn títí dòní, pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.