Ẹ̀kọ́ Orúnkún ní Òkè-Ìbùsọ̀

Àwọn tó wà níbẹ̀ nìwọ̀nyí: Ìyá Abọ́sẹ̀dé, tó ń kọ́ àwọn ìyàwó tuntun ní ẹ̀kọ́ orúnkún, Ẹfúnṣadé, ìyá ọkọ, Àkànmú ọmọ rẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Ayọ̀ká àti Ṣínúọlá, ìyàwó tuntun méjì tí ẹnu wọn kì í dákẹ́, àti Málọmọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ìkùukùu náà wà níbẹ̀, ó yẹ ká kà á mọ́ wọn, nítorí ní Òkè-Ìbùsọ̀, ẹnu ọ̀nà ni í máa ń sùn sí bí àlejò, kì í sì í dìde títí oòrùn yóò fi fọwọ́ tọ́ ọ.

Orí àpáta ni ìlú náà wà. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo kòtò omi orí òkè a gbẹ, a wá ku Ìsun Àyídé nìkan, nísàlẹ̀ pátápátá. Òfin wọn ni pé kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gbé omi ilé rẹ̀ gòkè kí oòrùn tó kan òrùlé. Èyí tó bá ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ wá, ọjọ́ méje ni yóò fi kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Ìyá Abọ́sẹ̀dé. Bí kò bá rí omi gbé délé ní ọjọ́ kẹjọ, yóò padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀. Àwọn kan lọ bẹ́ẹ̀, òjò rọ̀, a kò sì rí wọn mọ́.

Málọmọ́ kò gbé ẹrù rí láyé rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá rẹ̀ bí ṣáájú rẹ̀ tí kò dúró. Nígbà tí òun wá dúró, wọ́n ń gbé e bí ẹyin. Bí ó bá mú ìgbálẹ̀, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jí láàárọ̀, omi ti kún ìkòkò, àfi bíi pé inú oorun rẹ̀ ni omi náà ti ń sun wá. Nígbà tí Àkànmú wá fẹ́ ẹ, tó sì sọ fún un bí òkè náà ṣe ga tó, inú rẹ̀ dùn. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ẹrù òun mọ́.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ le bí ọmọ odó. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó to àwọn mẹ́ta náà sí ojú àpáta kan.

"Ẹ lóṣòó!" Wọ́n lóṣòó. "Ẹ dìde!" Wọ́n dìde. Ó ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń lóṣòó, wọ́n ń dìde, títí àtẹ́wọ́ fi dákẹ́. Kí wọ́n tó mí délẹ̀, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀: ẹ gbé òkúta mọ́ àyà, ẹ sáré dé ìdí igi ayùnrẹ́, ẹ sáré bọ̀. Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fọwọ́ méjèèjì ti ara yín sókè. Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Nínú ìkùukùu, Málọmọ́ kò rí ìdí igi, kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ń gbọ́ èémí tirẹ̀ bíi pé ẹlòmíràn ló ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìlóṣòó tún yí kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ó lóṣòó, kò sì lè dìde mọ́.

"Ìyàwó Àkànmú," Ayọ̀ká ké sí i, "ṣé o ń sàba ni?"

"Jẹ́ kí n sàba," Málọmọ́ fèsì, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú. "Bí mo bá pamọ tán, n ó fi akọ kan ta ọ́ lọ́rẹ, kó máa jí ọ láàárọ̀."

Ṣínúọlá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i láti fà á dìde. Málọmọ́ gbá ọwọ́ náà dànù. "Má fọwọ́ kàn mí!"

"Háà! Ìgbéraga yìí mà wúwo o. O ò kúkú kọ́kọ́ sọ ìyẹn kalẹ̀?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," Ìyá Abọ́sẹ̀dé wí. "Orúnkún kò mọ ọmọ ọlọ́lá. Ìwọ, ṣe ìwọ̀n tìrẹ lónìí. Lọ́la, fi ẹyọ kan kún un."

Ó ń fi ẹyọ kan kún un. Lálẹ́, bó bá sùn, òkè náà a máa rọra lóṣòó, a máa dìde lábẹ́ rẹ̀, bí ẹranko ńlá tó ń mí. Ní ọjọ́ keje, ó gbé òkúta dé ìdí igi, ó gbé e bọ̀, kò dúró.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, àwọn mẹ́ta náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsun Àyídé. Málọmọ́ kò bá àwọn yòókù dúró. Ó lọ sí òdì kejì omi náà, kí ẹnikẹ́ni má baà wá ràn án lọ́wọ́. Ó gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú ìkùukùu, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn tó ń gòkè lọ, ṣùgbọ́n kò rí bí igbá wọn ṣe dé orí wọn.

Ó pọn omi kún igbá ńlá, ó fi ewé lé e lójú. Ó fi ọwọ́ kan di òṣùká mú lórí, ó fi ìkejì gbé igbá. Igbá fì, omi dà nù. Ó pọn òmíràn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, òṣùká já bọ́, omi tútù sì dà sí i lọ́rùn. Ó pọn ẹ̀kẹta, ìyẹn náà dà. Ojú ọ̀run ti ń funfun. Ó jókòó sórí òkúta, ó rí ilé bàbá rẹ̀ lójú ọkàn rẹ̀, àti ọwọ́ gbogbo tó ń sáré bọ̀ wá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ìkùukùu là díẹ̀. Ìyá Abọ́sẹ̀dé ló ń bọ̀ wá pọn omi tirẹ̀. Ó pọn ọ́n tán, ó gbé òṣùká lé orí, ó lóṣòó ti igbá rẹ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn? Jọ̀ọ́, wá gbé e rù mí."

Málọmọ́ bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan. "Èmi lẹ ń bá wí, Ìyá?"

"Ṣé ìkùukùu ni n bá máa bẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ gbogbo wa? Ẹ̀yin náà ń wá ẹni tí yóò gbé e rù yín?"

"Ta ló ń gbé e ru ara rẹ̀, ọmọ mi? Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń gbé omi gun òkè yìí, n kò dá a gbé rù rí."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Málọmọ́, kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ rí pé kó wá ran òun lọ́wọ́. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ igbá. Ó gbé e. Ìyá Abọ́sẹ̀dé dìde nílẹ̀.

"Ó kan tìrẹ. Pọn ọ́n."

"Ṣùgbọ́n ẹrù ti wà lórí yín."

"Ọwọ́ òsì mi wá ń ṣe kí ni?"

Ìyá àgbà fi ọwọ́ ọ̀tún di igbá tirẹ̀ mú, ó sì rọra lóṣòó, omi orí rẹ̀ kò mì. Málọmọ́ lóṣòó kọjú sí i, ó fi ọwọ́ kan di òṣùká mú. Ọwọ́ kan ló kù fún oníkálùkù wọn. Wọ́n ki ọwọ́ méjì náà bọ abẹ́ igbá, wọ́n jùmọ̀ gbé e. Ó dé orí.

Ẹfúnṣadé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú ọ̀run. Àkànmú dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò lè wo ibì kankan. Nígbà tí Málọmọ́ yọ nínú ìkùukùu, ìyá ọkọ rẹ̀ kò kí i káàbọ̀. Ó béèrè pé, "Ta ló gbé e rù ọ́?"

Málọmọ́ dáhùn. "Ìyá Abọ́sẹ̀dé ni. Èmi náà gbé tiwọn rù wọ́n."

"Ìwọ gbé e rù wọ́n?" Ojú Ẹfúnṣadé tú ká. "Ó dáa, ìyàwó mi. Wọlé." Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì sọ̀ ọ́. Omi ti ń dà sínú ìkòkò kí oòrùn tó kan òrùlé.

Nítorí náà, Mopélọ́lá, ọmọ ọmọ mi, bí o bá dé kíláàsì ìdárayá tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ yẹn, tí irin ibẹ̀ bá wúwo jù ọ́ lọ, má tijú, pe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bí ẹlòmíràn bá sì pè ọ́, tètè dáhùn. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ní etí Ìsun Àyídé ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.