Ohun tí Akurákudà Ń Wá Kiri Òkun

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àbí ẹja lẹ fi dí ẹnu ni? Ẹ jẹ́ kó dún! Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi tukọ̀, tukọ̀, kò gúnlẹ̀ síbì kan, àfi sọ́dọ̀ Orímisàn, ìyàwó Ajímúdà apẹja, àti Akurákudà, ẹja ńlá oníkùn funfun tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn.

Láyé ìgbà náà, Akurákudà máa ń sùn. Ẹ ń gbọ́ mi? Ó ń sùn! Àpò afẹ́fẹ́ wà nínú ikùn rẹ̀ bíi ti àwọn ẹja yòókù. Bó bá rẹ̀ ẹ́, àpò náà á gbé e dúró lójú kan, á sì máa hanrun.

Àwọn apẹja etíkun náà ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ti rí Akurákudà, wọ́n á máa fi àjẹ̀ na omi gbà-gbà-gbà, wọ́n á ní àwọn ń lé e. Síbẹ̀, Akurákudà ti pa ọkùnrin mẹ́ta nínú wọn. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tí ẹja tí wọ́n ń lé fi ń sún mọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kan, ìgbì dojú ọkọ̀ Ajímúdà dé. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ọkọ̀ sì ń rì díẹ̀díẹ̀. Akurákudà ń yí i ká. Ajímúdà ń fi àjẹ̀ na omi, ṣùgbọ́n kàkà kéwé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i. Ẹja ń sún mọ́ ọn.

Orímisàn dúró létíkun, ó ń wò ó. Áà! Nínà yẹn ló ń pe ẹja náà! Ó fò sínú ọkọ̀ kékeré kan tí kì í gbà ju ẹnì kan lọ.

Ìyá ọkọ rẹ̀ figbe ta. "Ìyàwó! Ṣé kí n pàdánù ẹ̀yin méjèèjì ni?"

Orímisàn ti ń tukọ̀ lọ. Orin ló ń kọ sí ọkọ rẹ̀:

Má lu omi o,
*Jẹ́jẹ́!*
Omi létí o,
*Jẹ́jẹ́!*
Ẹni lù ú ló pè é o,
*Jẹ́jẹ́!*

Ẹ gbè é, ẹ̀yin èèyàn yìí, ọkùnrin kan fẹ́ kú!

Ajímúdà gbọ́. Ó gbé àjẹ̀ sókè, kò na omi mọ́. Akurákudà bá yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Orímisàn.

"Ta ló ń kọrin?"

"Èmi ni, bàbá. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo bá wá."

Akurákudà rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ tó ti dáyé, sísá ni wọ́n ń sá fún un. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan rí. "Ó dáa, béèrè."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé a wà lójú omi?"

"Ọkàn yín tó ń lù kì-kì-kì, imú mi ń gbọ́ ọ."

Orímisàn gbá àyà mú. Omi ti dé orúnkún Ajímúdà.

"Kí ló dé tí a kì í rí yín?"

"Ẹ̀yìn mi dúdú bí ibú, ikùn mi funfun bí ojú ọ̀run. Ẹni òkè ò rí mi, ẹni ìsàlẹ̀ ò rí mi."

Omi ti dé àyà Ajímúdà.

"Kí lẹ fẹ́ fi ọkọ mi ṣe?"

"N ò tíì mọ ohun tó jẹ́. N ò lọ́wọ́ tí mo lè fi kan nǹkan. Ẹnu mi ni mo fi ń tọ́ ọ wò."

"Ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ yá mi ní àpò afẹ́fẹ́ yín, kó fi léfòó dé èbúté. Kí oòrùn tó wọ̀, n óò dá a padà."

Akurákudà sún mọ́ ọn. "Ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí léèrè bí mo ṣe jẹ́. Gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ."

Ó pọ àpò náà. Ajímúdà gbá a mọ́ra, ìyàwó rẹ̀ sì fi okùn fà á dé èbúté. Ayọ̀ gbòde! Orímisàn mú ọkọ rẹ̀ wọlé, ó dáná, ó ń fi òróró pa á lára.

Àṣà tún wà níbẹ̀ o: ohunkóhun tó bá ti ara ẹja wá kò gbọdọ̀ sùn láìkan iná. Ìyá Ajímúdà rí àpò létí ọkọ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó jù ú sórí iná tí wọ́n fi ń yan ẹja. Pòò! Ó bẹ́.

Orímisàn gbọ́ ìró náà, ó sáré jáde. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó mú àjókù rẹ̀ dání, ó lọ sétí omi. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Akurákudà ń lọ, ó ń bọ̀, nítorí bó bá dúró, rírì ló ń rì, mímí rẹ̀ á sì máa há.

"Àpò mi dà?"

Orímisàn lè sá. Kò sá. Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ó ti jóná, bàbá, àjókù rẹ̀ rèé. Ẹ dárí jì mí, a ṣì í ṣe ni."

"Irọ́! Èyí kì í ṣe àpò mi, ẹ fi í pa mọ́ fún mi ni! N óò wá a."

Láti ọjọ́ náà ni Akurákudà kò ti dúró mọ́, tọ̀sán tòru. Ohunkóhun tó bá léfòó, pákó ni o, igbá ni o, ẹsẹ̀ èèyàn ni o, á gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, kó lè mọ̀ bóyá àpò rẹ̀ ni. Bí kì í bá ṣe àpò náà, á tú u sílẹ̀, á máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gé jẹ ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja kì í fi na omi mọ́ bí wọ́n bá rí i, nítorí ìró rẹ̀ ló ń pè é. Orímisàn ní tirẹ̀ kò ti ẹsẹ̀ bọ òkun mọ́ títí ó fi kú.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyẹn. Ẹni tó bá ní mo purọ́, òkun rèé. Kó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.