Ìdí Tí Igi Odán Fi Pa Òdòdó Rẹ̀ Mọ́ Sínú Èso

Nígbà láéláé, nígbà tí igi ṣì ń bá èèyàn jíròrò, kò sí igi tí òdòdó rẹ̀ dára tó ti Odán. Àárín ojúde ìlú Afẹ́dùn ló dúró sí. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, tí òórùn erùpẹ̀ tútù gba gbogbo ìlú kan, òdòdó funfun a bo Odán láti òkè dé ilẹ̀. Tọmọdé tàgbà a wẹ̀, wọ́n a kun ara, wọ́n a sì jáde wá gbafẹ́ ní ojúde.

Odán a na ọrùn sókè. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun.

Àṣà kan wà ní ìlú náà. Ìyàwó tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka Odán kan tó kún fún òdòdó, kí ó fi há ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀. Èyí dùn mọ́ Odán nínú.

"Ilé wo ni mi ò sí nínú ìlú yìí?" Báyìí ló máa ń sọ fún Pàńṣẹ́kẹ́, igi olódòdó pupa tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlú ń gbòòrò, ìyàwó sì ń pọ̀ sí i. Ọdún kan dé tí wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka títí Odán fi ku gbọọrọ bí ọ̀pá. Òjò dá, oòrùn yọ. Àwọn tó wá gbafẹ́ fi ọwọ́ bo orí, àwọn ọmọ ọwọ́ sì ń ké.

Ìyá Àwẹ̀ró, arúgbó onídìrí tó máa ń jókòó sí ìdí Odán, sún àpótí rẹ̀ síhìn-ín, ó sún un sọ́hùn-ún. Kò rí ibòòji tó tó àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyá, orí mi ń gbóná," ni ọmọbìnrin tó ń dirí fún wí.

"Tèmi náà ń gbóná, ọmọ mi. Àwọn ìjòyè ní bí àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀ bá bá ibí báyìí, àwọn á kó ojúde lọ sí etí odò, wọn á sì fi igi yìí dáná."

"Odán tó rẹwà báyìí?"

"A kì í jókòó sábẹ́ ẹwà. Abẹ́ ewé là ń jókòó sí."

Odán gbọ́. Ó wo àwọn èèyàn náà. Kò sí ẹni tó ń wò ó mọ́. Ọ̀nà ilé ni gbogbo wọn ń wò.

Ó bẹ àwọn ìyàwó pé kí wọ́n má ṣẹ́ òun mọ́. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá Odán, ẹ má bínú. Ta ni yóò rí òdòdó yín tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní yún un?"

Ni Odán bá sọ fún Pàńṣẹ́kẹ́ pé inú èso ni òun yóò máa tanná sí, níbi tí ojú kò dé.

"Òdòdó tí kòkòrò kò bá dé inú rẹ̀ kì í di irúgbìn," ni Pàńṣẹ́kẹ́ wí. "Ìran rẹ lo fẹ́ pa rẹ́ yẹn."

Odán pe Oyin pé kí ó máa gba ihò tín-ín-rín kan wọ inú èso lọ bá òdòdó òun. Oyin ní, "Èmi tí gbogbo igi ń bẹ̀, kí n wá máa rá gba ihò abẹ́rẹ́?" Ó pe Labalábá. Labalábá ní aṣọ òun yóò ya.

Agbọ́n kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò tó hóró yanrìn. Kò sí ẹni tó pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èmi ò nílé," ni ó wí. "Bí ẹ bá jẹ́ kí n bímọ sínú èso yín, mo máa wọlé."

"Ẹnu ọ̀nà há, ọmọ mi. Ìyẹ́ rẹ á já."

"Ẹni tó ti délé, kí ló tún ń fi ìyẹ́ ṣe?"

Àkọ́rọ̀ dé. Ewé Odán dí bí òrùlé, àwọn èso wẹ́wẹ́ so mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, kò sì sí òdòdó kan lójú. Àwọn ìyàwó yí i po, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì kọjá lọ bá Pàńṣẹ́kẹ́.

"Odán, ṣé ara le?" ni Pàńṣẹ́kẹ́ wí. "Aṣọ oko lo wọ̀ wá síbi ọdún."

Ó dun Odán.

Àwọn ìjòyè náà dé pẹ̀lú àáké. Oòrùn mú. Olórí wọn ní kí àwọn sinmi díẹ̀ lábẹ́ igi náà kí àwọn tó gé e. Kò pẹ́, ó ń hanrun.

"Ẹ rọra máa sọ̀rọ̀," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. "Bàbá tó wá gé igi ń sùn."

Nígbà tí olórí ìjòyè jí, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ti dé. Àwọn ọmọ ń ṣeré yí i ká. Ó na ara, ó ní, "Ojúde ò lọ síbì kan."

Láti ọjọ́ náà ni igi odán kò ti tanná lójú èèyàn mọ́. Bí o bá la èso rẹ̀, wàá bá òdòdó tó tín-ín-rín bí òwú nínú rẹ̀, àti agbọ́n bíńtín kan tí kò ní ìyẹ́. Láti ọjọ́ náà náà ni ìlú tó bá fẹ́ kí èèyàn máa péjọ ti ń gbin odán sí ojúde rẹ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí Pàńṣẹ́kẹ́ sì pọ́n dẹ̀dẹ̀ tó ń fọ́nnu, Odán kì í dá a lóhùn. Àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ ló ń kà, kò sì tíì kà wọ́n tán.