Gbòǹgbò Ló Di Ilẹ̀ Mú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn bí ẹni tó jẹun yó, ẹ̀yin ọmọ yìí. Àlọ́ mi dá lórí Akàn àti Tẹniọlá, opó kan tó ń se iyọ̀ létí òkun.

Ilé Tẹniọlá nìkan ló wà níbẹ̀. Sàréè ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, irà oníyọ̀ tó kún fún koríko wà lẹ́yìn sàréè, òkun ló kàn. Lálaalẹ́, Tẹniọlá á jókòó ti sàréè, á máa bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò lọ́mọ, kò lárá. Ó dá wà gan-an ni.

Koríko irà ló fi ń dáná iyọ̀. Àṣà àwọn oníyọ̀ ni pé kí wọ́n gé e lókè, kí wọ́n fi gbòǹgbò sílẹ̀ kó lè tún hù. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kì í tètè jó tán nínú iná. Ni Tẹniọlá bá ń fà á tu, fàtu, fàtu.

Akàn yọjú nínú ihò rẹ̀, ó kọrin:

Ìyá oníyọ̀, ẹ gé e, ẹ má tu ú o,
*Gbòǹgbò ló dilẹ̀ mú.*
Omi ń bọ̀ wálé o,
*Gbòǹgbò ló dilẹ̀ mú.*

Tẹniọlá ní, "Irà tó tóbi báyìí? Ìwọ̀nba tí mo fà ò lè ṣe é ní nǹkan kan."

Àwọn ẹja kéékèèké inú irà kó lọ.

Nígbà tó ṣe, ó tún bẹ̀rẹ̀, fàtu, fàtu. Akàn tún kọrin. Ẹ gbè é!

*Gbòǹgbò ló dilẹ̀ mú.*

"Akàn, ẹnu rẹ pọ̀ jù," ni Tẹniọlá wí.

Àwọn lékeléke irà pẹ̀lú fò lọ. Ibẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Nígbà kẹta, koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ló fà tu. Akàn kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há. Òkun dé, gbìì! Nígbà tó máa fà sẹ́yìn, sàréè ti bá a lọ.

"Ọkọ mi dà?" Tẹniọlá sunkún títí. Ó ní, "Òkun kọ́ ló já ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ṣí i fún un."

Ìdì koríko kan ṣoṣo ló kù, ẹnu ihò Akàn ló wà. Akàn ní, "Ìyá, ẹ mú lára tèmi."

Tẹniọlá pín in wẹ́wẹ́, ó gbìn ín sínú ẹrẹ̀. Omi gbé e lọ, ó tún òmíràn gbìn. Akàn ń gbẹ́ ihò kí afẹ́fẹ́ lè dé ìdí rẹ̀. Nígbà tó yá, koríko mú, òkun ò sì dé ẹnu ọ̀nà Tẹniọlá mọ́. Lékeléke padà wá. Ọkọ rẹ̀ ò padà.

Títí di òní, tí ilẹ̀ bá ń ṣú, Tẹniọlá á kọjú sí koríko, á kọ orin yẹn. Akàn nìkan ló ń bá a gbè é.

Ohun tí àlọ́ mi kọ́ wa ni pé, ohun tó di ilẹ̀ mú lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, a kì í fi dáná. A lè tún koríko gbìn, ṣùgbọ́n ohun tí omi bá ti gbé lọ ti lọ nìyẹn.

Bí mo bá purọ́, kí ọbẹ̀ mi ọ̀la má níyọ̀.