Ojú Ọdẹ Kì Í Ṣe Òrùlé

"Ojú ọdẹ kì í ṣe òrùlé." Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí, mo ní: ta ló tilẹ̀ pè é ní òrùlé? Àfìgbà tí wọ́n sọ ti Látẹ́jú fún mi.

Látẹ́jú ará Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ fi ọdún mẹ́ta ṣọ́ ilé òyìnbó. Ohun tó mú bọ̀ wálé ni fèrè kan àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ọdẹ, a fọn fèrè sí i létí: "Gáàdì ni mí!"

Nígbà náà ni opó kan, Àrìnpé, ń mọ ilé tirẹ̀, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bú u láàárọ̀ lálẹ́. Ògiri ti dúró, ó ku koríko tí yóò fi bò ó. Kí ó tó lọ pa koríko, ó to imọ̀ ọ̀pẹ sẹ́bàá ògiri nítorí òjò, ó bẹ Látẹ́jú:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣọ́ ọ o. Amọ̀ rẹ̀ ò tíì gbẹ."

"Fọkàn balẹ̀. Gáàdì ti dé."

Ó ṣọ́ ọ lóòótọ́. Ewúrẹ́ kò fara kàn án, ọmọdé kò fìka tọ́ ọ. Nígbà tí òjò dé, Látẹ́jú kó imọ̀ ọ̀pẹ lé orí ara rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ògiri bó ti ń yọ́ bí iyọ̀. Kò ṣẹ́jú. Òkìtì ẹrẹ̀ ni Àrìnpé bá.

Níwájú Baálẹ̀, Látẹ́jú kọ́kọ́ fọn fèrè.

"Baba, ọ̀rọ̀ méjì ni òyìnbó ní. Gáàdì: ká ṣọ́ nǹkan kí olè má gbé e. Prótẹ́ẹ̀tì: ká bò ó kí ohunkóhun má ṣe é. Ṣíṣọ́ ló bẹ̀ mí. Olè wo ló gbé ògiri?"

"Ẹ̀gbọ́n," ni Àrìnpé wí, "imọ̀ ọ̀pẹ mi tí ẹ fi borí ńkọ́? Èwo nínú méjèèjì nìyẹn?"

Ni ẹ̀rín bá bú.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n ṣí koríko orí ilé Látẹ́jú, kí wọ́n kó o pamọ́ de Àrìnpé. Látẹ́jú ni yóò sì po amọ̀ títí ògiri yóò fi tún dúró.

"Baba, níbo ni mo máa sùn?"

"Nílé rẹ. Ṣebí gáàdì wà níbẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, ojú ọ̀run ṣú. Látẹ́jú sáré dé, kò rántí fèrè mọ́: "Baba, òjò ń bọ̀ o! Ẹ prótẹ́ẹ̀tì mi!"

Baálẹ̀ kò tilẹ̀ dìde lórí ẹní.

"Ṣọ́ ọ," ni ó wí.

Títí di òní, bí ẹnìkan bá ní òun ń ṣọ́ nǹkan, tí kò sì fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan, ará Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ kì í bá a jiyàn. Wọn a kàn wo òkè, wọn a ní: ojú ọdẹ kì í ṣe òrùlé.